Ta Ni Ẹni Tó Fìdí Rẹmi Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan sọ lórí rédíò ti ń jà mí lọ́kàn. Ètò àárọ̀ ni, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń pè sí láti sọ tinú wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìdìbò lọ́wọ́, ni ọkùnrin yìí bá pè, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń yin Goodluck Jonathan sí láti ọdún 2015. Ó ní ẹni tó wà lórí àlééfà, tí sójà ń bẹ́rí fún, tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru, tó wá gbé fóònù, tó ń kí ẹni tó fẹ́ gbapò lọ́wọ́ rẹ̀ kú oríire nígbà tí wọn ò tíì ka ìbò tán, lúsà ni. Bó ṣe pè é gan-an nìyẹn: lúsà. Olóòtú ètò rẹ́rìn-ín, ó ní a dúpẹ́ o, ó sì mú ìpè mìíràn.

Èébú yẹn kọ́ ló dùn mí. Olóṣèlú tí kò bá fẹ́ èébú, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ohun tó ń jà mí lọ́kàn ni pé nígbà tí mo fẹ́ dá ọkùnrin náà lóhùn nínú ara mi, èsì tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Èsì tí gbogbo wa mọ̀ ni: pé ọmọlúàbí ni Jonathan, pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìwà nìkan ni, a jẹ́ pé iṣẹ́ tó kù fún wa ni ká máa gbàdúrà lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin kí ẹni tí yóò fìdí rẹmi jẹ́ oníwà tútù. Mo rò pé nǹkan mìíràn wà nínú ìpè yẹn, ohun náà ni mo sì fẹ́ wá kàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2015, bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. (Ẹ má wò mí, èmi kọ́ ni mo sọ ọjọ́ náà lórúkọ.) Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ la ti dìbò, àwọn ibòmíràn sì dì í mọ́ ọjọ́ Àìkú torí pé ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì ìdìbò wò dàṣà sílẹ̀. Kódà nígbà tí Jonathan fúnra rẹ̀ dé ibùdó ìdìbò rẹ̀ ní Otuoke, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò dá ìka rẹ̀ mọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó ń fi òmíràn tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú Attahiru Jega, alága INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá tó wà l'Ábújá, wọ́n ń ka èsì ìpínlẹ̀ wọn. Gbogbo Nàìjíríà jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ní àdúgbò wa, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ di ọba lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, torí ilé rẹ̀ ni gbogbo wa kó sí. Àwọn tí kò ka ìṣirò sí rí lọ́jọ́ ayé wọn mú bírò àti ẹ̀yìn ìwé ọmọ wọn, wọ́n ń ro ìbò pọ̀. Wọ́n bá ka ìpínlẹ̀ kan, ariwo a sọ lápá kan. Wọ́n bá ka òmíràn, apá kejì a gbà á. Màmá kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí sọ fún wa pé kí a rọra o, pé òun ti to ọjà òun sínú ilé láti òwúrọ̀, torí òun ò mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ṣú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni Godsday Orubebe, mínísítà tẹ́lẹ̀ rí tó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú PDP, ẹgbẹ́ Jonathan, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó sì kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní Jega ń gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, ó ní àwọn ò gbà. Ó pariwo títí. Gbogbo wa tí a wà nídìí tẹlifíṣọ̀n dákẹ́ wẹ́lo. Jega jókòó, kò ju ọwọ́, kò gbóhùn sókè. Nígbà tó máa fèsì, ńṣe ló rán an létí pé ó ti ṣe mínísítà rí, pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣọ́ ohun tó ń sọ níta gbangba, kí ètò tó ti ń lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀ má bàa bàjẹ́ lópin. Lẹ́yìn náà ló ní kí iṣẹ́ tẹ̀síwájú. Ká má purọ́, Orubebe tọrọ àforíjì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ohun tó ṣe yẹn lè jẹ́ àmì fún ọ̀pọ̀ èèyàn níta pé ó yá.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìròyìn jáde pé Jonathan ti pe Muhammadu Buhari, olùdíje ẹgbẹ́ APC, lórí fóònù, ó ti kí i kú oríire. Wọn ò tíì ka èsì tán. Jega ò tíì kéde ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Rú ló tó jókòó ka àpapọ̀ rẹ̀: Buhari ní ìbò 15,424,921, Jonathan ní 12,853,162. Nígbà tí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn fi máa jáde, ẹrù tó yẹ kí wọ́n gbé dání ti fúyẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́ mọ́. Màmá oníbúrẹ́dì ti kó ọjà rẹ̀ padà síta kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Ẹ̀yìn ni àgbà ń wò

Àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, "concede". Ọ̀rọ̀ kan náà ni asọ̀rọ̀-bọ́ọ̀lù ń lò tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé ẹgbẹ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí gólì tó ṣílẹ̀kùn fún bọ́ọ̀lù rí. Ìwé ìròyìn tiwa a máa kọ ọ́ pé lágbájá ti gba kámú. Ọ̀nà méjèèjì ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré ni: ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà, tàbí ẹni tó gba kámú àti Ọlọ́run rẹ̀.

Èmi ò rò pé Buhari ni Jonathan ń bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Buhari kò nílò ìpè yẹn. Ó ti ń rí èsì bí gbogbo wa ṣe ń rí i, Jega ni yóò sì kéde rẹ̀, kì í ṣe Jonathan. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé ẹni tó fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ pe ẹni tó jáwé olúborí. Bó pè é, bí kò pè é, ìbò kan ò lè kúrò, ìbò kan ò lè wọlé.

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Nínú oṣù mélòó kan ṣáájú ìdìbò yẹn, àwọn kan lára àwọn tó ti gbé ìbọn rí ní Niger Delta ń sọ ọ́ ní gbangba pé bí Jonathan kò bá padà, ogun ni. Àwọn yẹn kì í gbọ́rọ̀ sí Jega lẹ́nu. Wọn kì í gbọ́ ti Kofi Annan tó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn olùdíje fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù Kínní. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó lè sọ fún wọn pé ó ti parí, tí wọn yóò sì gbà, ẹni náà ni ẹni tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ jà. Nígbà tó sì sọ̀rọ̀ sórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó sọ nìyẹn: pé kò sí ipò tí ẹnikẹ́ni ń wá tó tó ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo, àti pé ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn, kó gba ọ̀nà òfin. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló wò.

Wákàtí tó sọ ọ́ ṣe pàtàkì ju bó ṣe dùn létí tó. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2011. Buhari ló fìdí rẹmi nígbà yẹn, Jonathan ló wọlé. Kí èsì tó jáde tán ni iná ti sọ ní àwọn ìpínlẹ̀ òkè Ọya. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, iye èèyàn tó kú lé ní 800 gẹ́gẹ́ bí àjọ Human Rights Watch ṣe kà á. Ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àwọn àgùnbánirọ̀ wà lára wọn, àwọn ọmọ tí ìjọba rán lọ síbẹ̀ láti wá bá wọn ṣètò ìdìbò. Buhari bẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà, ó ní kò bójú mu, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ló rán wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ilé ti ń jó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà, CPC, lọ sílé ẹjọ́ bó ṣe tọ́, ilé ẹjọ́ ní wọn ò jàre. Àwọn tó ti kú ò gbọ́ ìdájọ́.

Nítorí náà, bí ọkùnrin orí rédíò yẹn ṣe ń fi àìtíìkàtán ìbò gún Jonathan lójú, ibi tí agbára ìpè náà wà gan-an nìyẹn. Bó bá dúró di ìgbà tí Jega kéde, ohun tó máa sọ yóò di ìkíni lásán, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ni kú ọdún lẹ́yìn ọdún.

Ilé wa ńkọ́?

Kí ọmọ Yorùbá tó gbé ìka sókè sí àwọn ará òkè Ọya, ká yẹ ilé wa wò. Mi ò ní tún ìtàn wẹ́tìẹ̀ pa, ẹni tí kò rí i gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rí i. Ìdìbò oṣù Kẹwàá 1965 ló bí i, ẹgbẹ́ tó wà níjọba ní àwọn ló wọlé, ẹgbẹ́ kejì ní irọ́ ni, ilé ń jó títí sójà fi dé ní oṣù Kínní 1966.

Ti Oǹdó ní 1983 ló máa ń ṣe mí ní kàyéfì jù. Akin Omoboriowo jẹ́ igbákejì gómìnà sí Adékúnlé Ajásin. Ó bá a pínyà, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ NPN, ó sì dojú ìjà kọ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò nígbà yẹn, kéde ní oṣù Kẹjọ pé Omoboriowo ló wọlé, ìlú gbaná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun èèyàn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Ajásin ni ará ìlú dìbò fún, wọ́n sì dá ìjọba padà fún un. Kí ọdún yẹn tó parí, sójà gbàjọba. Ẹ wò ó: ẹni tí wọ́n fi èrú gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ rí ìdájọ́ òdodo gbà ní ilé ẹjọ́ láàrin oṣù díẹ̀. Àwọn tó jáde lọ jà fún un kò ní sùúrù oṣù díẹ̀ náà, torí wọn ò gbà pé ilé ẹjọ́ lè sọ òótọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Àmọ́ àwọn tó kú, kí ìdájọ́ yẹn tó jáde ni wọ́n kú.

Kakaǹfò kì í padà lófo

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tó fi ṣòro fún wa tó bẹ́ẹ̀ láti sọ pé "wọ́n borí mi". Mo rò pé ó ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé láyé Ọ̀yọ́ Ilé, bí Aláàfin bá rán Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lógun, láàrin oṣù mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú ìṣẹ́gun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni kí wọ́n gbé wálé. Kò sí ọ̀nà kẹta. Kò sí pé "mo dé, ṣùgbọ́n wọ́n lé wa". Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ìyẹn ni òfin oyè náà. Mélòó nínú àwọn olùdíje wa ni kò rò pé Kakaǹfò ni àwọn?

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà tún mọ ọ̀nà mìíràn, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn ò ṣẹ́gun Èkìtìparapọ̀, Èkìtìparapọ̀ ò ṣẹ́gun Ìbàdàn. Látòósà tó kó Ìbàdàn lọ, òun náà Kakaǹfò ni, ojú ogun ló kú sí ní 1885. Ikú rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àlàáfíà rọrùn díẹ̀, torí òun ò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo láéláé. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, kò síbi tí wọ́n ti pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tí wọ́n ṣẹ́. Àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn. Àwọn ìlú kan, irú bí Ìgbájọ àti Ọ̀tan, wà lábẹ́ Ìbàdàn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìlú tí kò bá fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Apá kọ̀ọ̀kan ní ohun tó máa gbé lọ sílé fi han àwọn èèyàn rẹ̀. Ogun tó kù láàrin Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀fà kò parí títí di 1893, àmọ́ ti Kírìjì tú ká láìsí pé ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ìdìbò kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ni yóò wọ ilé ìjọba. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹni tó fìdí rẹmi fi gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí àdéhùn Kírìjì ṣe: kó fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ohun tí wọ́n máa gbé lọ sílé.

Bí ìdìbò bá lẹ́jọ́ nínú ńkọ́?

Ibi tó le jù nìyí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà, 2014, Káyọ̀dé Fáyẹmí tó jẹ́ gómìnà Èkìtì lọ́wọ́ fìdí rẹmi lọ́wọ́ Ayọ̀délé Fáyóṣe. Kò rí ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo mú nínú mẹ́rìndínlógún. Fáyóṣe ní 203,090, òun ní 120,433. Lọ́jọ́ kejì ló sọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ ohun tí ará Èkìtì fẹ́ nìyẹn, òun tẹrí ba fún un. Gbogbo ayé yìn ín. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bú u.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ọ̀gá sójà kan gbé ohùn kan jáde tó ní òun gbà sílẹ̀ níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti gbèrò láti fi èrú ṣe ìdìbò náà, gbogbo Nàìjíríà sì gbọ́ ọ. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó bú Fáyẹmí ní 2014 ní: ẹ ò rí i bí? Ó yára jù! Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2015 pé Fáyóṣe ló wọlé.

Ó yára jù bí? Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, èrò mi ni pé kò yára. Ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́: "bó bá jẹ́ ohun tí ará Èkìtì fẹ́ nìyẹn". Bí yẹn kò ti ilé ẹjọ́ pa. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì rí ọ̀nà gba ilé ẹjọ́ lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì pa ni ojú pópó Adó-Èkìtì lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Òfin wa fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ní ọjọ́ 21 láti gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò, ó fún ìgbìmọ̀ náà ní ọjọ́ 180 láti dájọ́. Láàrin ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kọkànlélógún yẹn ni èèyàn ń kú. Kò sí adájọ́ tó ń jókòó lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìdìbò.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú oríire náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Ọ̀ṣun, oṣù Kẹsàn-án 2018, Adémọ́lá Adélékè fi ìbò 353 ṣáájú Gbóyèga Oyètọ́lá. INEC ní kò tíì parí, wọ́n tún ìdìbò dì ní ibùdó méje, nígbà tí wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ tán, Oyètọ́lá ló fi 482 borí. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí Adélékè rẹ́rìn-ín sí irú ìyẹn. Kò kí i. Ó lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò jàre ní oṣù Keje 2019, ó padà sílé. Ní 2022, ó tún jáde, ó ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ó kan Oyètọ́lá láti lọ sílé ẹjọ́, òun náà lọ, ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ dá a láre, kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fìdí ti Adélékè múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023. Ẹnì kan ò kí ẹnì kejì lọ́nà tí ìwé ìròyìn ń fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹjọ́ ni wọ́n jọ ń gbé kiri, kì í ṣe pẹtiróòlù. Èyí ni mo ṣe rò pé àwọn oníròyìn ń fi ọ̀rọ̀ "kú oríire" dá wa láàmú jù. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹni tó fìdí rẹmi sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ibi tí òun ń lọ.

Ohun tó ń ba ẹni tó fìdí rẹmi lẹ́rù

A kò lè sọ gbogbo ẹjọ́ sọ́rùn ẹni tí wọ́n borí. Mathieu Kérékou ti ṣèjọba Benin láti 1972. Ní oṣù Kẹta 1991, Nicéphore Soglo fi ìbò lé e kúrò, ó sì lọ. Àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ tó wà láyé nígbà yẹn mọ̀ pé irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ òfo ló bá lọ: wọ́n ti fún un ní ìdánilójú pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ohun tó ṣe láti ọjọ́ tó ti gbàjọba. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó jáde dupò, ó sì na Soglo.

Ẹ fi ti Yahya Jammeh ti Gambia wé e. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, 2016, ó pe Adama Barrow lórí fóònù níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kí i kú oríire. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan lára àwọn aṣáájú tó borí fi sọ fún oníròyìn pé wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí ọdún tó yí po. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, Jammeh padà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ò gbà mọ́. Ó kù díẹ̀ kí ogun dé. Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti búra fún Barrow, sójà ECOWAS wọ Gambia kí Jammeh tó lọ ní oṣù Kínní 2017. Mi ò sọ pé kí a máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ẹni tó pa èèyàn nítorí pé ó gbé fóònù. Inú mi ò dùn sí ti Kérékou tán. Àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹyin lohùn, ó ti fọ́.

Buhari fúnra rẹ̀ mọ èyí ní 2015. Lọ́jọ́ tí INEC kéde rẹ̀, ó yin Jonathan, ó ní kò ní rí nǹkan kan lọ́dọ̀ òun àti àwọn èèyàn òun bí kò ṣe ọ̀wọ̀ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìyẹn náà, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ní tiwa níbí, ẹ wo ohun tí a máa ń ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdìbò. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé pósí lé orí, tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó fìdí rẹmi sí i lára, tí wọ́n ń jó kọjá níwájú ilé rẹ̀. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pẹ a rẹ́rìn-ín, a sì dìde kí ẹlòmíràn jókòó, torí kò sí ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdìbò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó fi dánfó rẹ̀ kó èèyàn lọ sí ìpàdé ìpolongo láìgba kọ́bọ̀, tó jẹ onítẹ̀wé ní gbèsè pósítà, tó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ti dé tán, òun ni pósí yẹn ń kọjá níwájú ilé rẹ̀. Olùdíje ti wà l'Ábújá. Nínú ọ̀rọ̀ tí olùdíje kà, ìlà kan ṣoṣo ló kan án: "mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn mi".

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu olùdíje tó bá tún fìdí rẹmi nílẹ̀ yìí kò pọ̀. Bó bá fẹ́ kí ẹni tó borí, kó kí i. Bí kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó sọ fún ọkùnrin onídánfó yẹn, lórí rédíò, ní Yorùbá, bóyá òun ń lọ sílé ẹjọ́ tàbí òun ò lọ, ìgbà tí òun máa lọ, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe kí ìgbà náà tó tó. Kó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan tó lọ ra pẹtiróòlù.